Audre Lorde àti Àwọn Obìnrin Ológun Dàhómì

Ìwé kan wà tí kò tóbi rárá, tí ènìyàn lè kà tán láàárín ìgbà tí a gbé ẹ̀wà kaná àti ìgbà tó jinná. The Cancer Journals ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1980 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà, Audre Lorde ló sì kọ ọ́. Ìwé nípa jẹjẹrẹ ọmú ni. Àwọn tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ láàárín wa níbí a máa yìn ín bí ẹni ń kí ọba, wọn kì í sì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ bá a jà díẹ̀. Ẹ̀tọ́ méjì ni mo ní láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkíní ni pé ọmú kan ṣoṣo ni èmi náà ní báyìí, ọdún kẹfà tí wọ́n gé èkejì nìyí. Ìkejì ni pé ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta. Ohun tí obìnrin yìí sì fi ṣe agbára nínú àìsàn rẹ̀, ohun tí àwọn baba ńlá mi tìtorí rẹ̀ mọ odi yí ìlú ká ni. Ẹ ó rí i láìpẹ́.

Ta ni Audre Lorde? Àdúgbò Harlem ní New York ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1934. Barbados ni bàbá rẹ̀ ti wá, Carriacou, erékùṣù kékeré kan lára Grenada, ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ó di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, akéwì ni pẹ̀lú, akéwì tó lórúkọ. Ó bí ọmọ méjì. Kò fi bò rí pé obìnrin ni òun fẹ́ràn, pé obìnrin ni òun sì ń bá gbélé. Bí èyí bá ń bí ẹnikẹ́ni nínú lára ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú sùúrù, torí àwọn obìnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀nyí ló jókòó tì í ní ọsibítù, ẹni tó bá fo ibi tí wọ́n wà kò ní mọ ohun tí ìwé náà ń wí.

Ìwé náà kò lọ tààrà. Apá kan jẹ́ ìwé ìrántí tó ń kọ lóru nígbà tí oorun ò kùn ún, apá kan jẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá àwùjọ sọ, apá tó kù jẹ́ àròkọ. Orí kìíní gan-an, ọ̀rọ̀ tó sọ níbi ìpàdé kan ní Chicago ní oṣù December 1977 ni, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ kókó kan wò lára ọmú rẹ̀ tí wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nínú àìmọ̀ kí wọ́n tó wádìí rẹ̀. Ẹni tí kò bá dúró de irú èsì bẹ́ẹ̀ rí kò mọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe gùn tó. Nígbà tó fi máa di September 1978, kókó mìíràn yọ, èyí sì ni òun gan-an. Wọ́n gé ọmú náà.

Bí mo bá ní kí n dá ìwé náà lẹ́jọ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé, mo máa ní ó sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí ẹ̀ẹ̀kan ì bá ti tó, àti pé nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé pé òun ò sí lórí pèpéle mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti sọ ìtàn, ó sọ ọ́ dáadáa. Ibi tí mo kà léraléra ni ibi òwú. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tán ni obìnrin kan wá kí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń bẹ àwọn tí wọ́n gé lọ́mú wò. Obìnrin náà túra ká, ó sọ̀rọ̀ ìtùnú, ó wá fi nǹkan lé e lọ́wọ́: òwú àgùntàn tí wọ́n ká rìbìtì, kó lè fi sínú kọ́mú. Àwọ̀ òwú náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí ara òyìnbó. Audre dúdú! Ó fi í sí àyà, ó wo dígí, ohun tó rí níbẹ̀ kò jọ ọ́. Nínú gbogbo àwọn tó rò pé oore ni àwọn ń ṣe, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi ara rẹ̀ pé, ẹ jọ̀wọ́, ara ta ni èyí fẹ́ bá mu?

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó wẹ̀, ó múra, ó fi yẹtí tó wù ú sétí, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n lè tú òwú ojú ọgbẹ́. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, torí ó ṣì wà láàyè. Nọ́ọ̀sì wò ó láyà, ó bi í pé kí ló dé tí kò fi nǹkan sí i. Ó ní kò bá òun lára mu. Nọ́ọ̀sì ní kó máa fi í sí i bó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, torí bí àwọn yòókù bá rí i bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn á rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ gbọ́ o! Ní ọ́fíìsì dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ti gé lọ́mú tàbí tí wọ́n fẹ́ gé lọ́mú, wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n gé lọ́mú má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ìdáhùn rẹ̀ sí èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà. Ó rántí Moshe Dayan, ọ̀gágun Ísírẹ́lì tó pàdánù ojú kan lójú ogun lọ́dún 1941, tó sì ń fi awọ dúdú bo ojú náà rìn kiri ayé. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún Dayan pé kó lọ fi ojú dígí sí i kí ọkàn àwọn èèyàn má baà bàjẹ́. Bí wọ́n bá rí i, ẹni tó ti ojú ogun bọ̀ ni wọ́n rí. Kí ló wá dé tí obìnrin tó ti ojú ogun tirẹ̀ bọ̀ fi gbọ́dọ̀ máa fi òwú bo àpá?

Ibi ọ̀rọ̀ ogun yìí ló bá dé Dàhómì. Nínú ìwé náà, obìnrin ọlọ́mú kan kì í ṣe aláàbọ̀ ara, ológun ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ọmọ ogun ọba Dàhómì tí òyìnbó ń pè ní Amazon. Audre ronú sí àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n gé ní ọmú kan kí wọ́n lè ta ọfà dáadáa. Báwo ló ṣe rí lára wọn? Ọmọ kékeré ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n gbà fún un nítorí ohun kan tí wọ́n gbà gbọ́. Bí èmi ṣe gbọ́ ọ yé, ohun tó ń wá ni bí ohun tí kò yàn ṣe lè di ohun tó gbé wọ̀ bí ẹni tó yàn án. Ó ti dé Dàhómì fúnra rẹ̀ lọ́dún 1974. Nínú The Black Unicorn, ìwé ewì rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1978, ó ti ké pe òrìṣà Abomey kan tó ń jẹ́ Seboulisa, ọmú kan ṣoṣo ló sì fún òrìṣà náà nínú ewì ọ̀hún. Ẹ ò rí i pé àwòrán náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí Abẹ́òkúta wàyí.

Lọ́jọ́ 3 oṣù March, ọdún 1851, ọmọ ogun Gezo, ọba Dàhómì, dé ẹ̀bá odi wa. Àwọn obìnrin wà nínú wọn, wọn kò sì wá ṣeré. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé wa, tí àlùfáà Samuel Johnson náà sì kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921, ni pé àwọn Ẹ̀gbá kò mọ̀ pé obìnrin ni àwọn ń bá jà. Ìgbà tí wọ́n mú ọ̀kan, tí wọ́n fẹ́ gé nǹkan ọkùnrin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ogun ìgbà náà, ni wọ́n tó rí i pé kò sí ohun tí wọn ó gé. Ha! Obìnrin ló fẹ́ẹ́ lé wa kúrò nílùú bàbá wa? Ìtìjú sọ wọ́n di ẹkùn, wọ́n sì lé Dàhómì padà. Lọ́dún 1864, Glele ọmọ Gezo tún gbé ogun dé, odi yẹn kan náà ló tún ti padà sẹ́yìn. Ogun yẹn ni Ẹfúnróyè Tinúbú fi ìbọn àti ẹ̀tù ran ìlú lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi jẹ ẹ́ ní Ìyálóde Ẹ̀gbá lọ́dún náà. Kétu kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Dàhómì fọ́ ọ lọ́dún 1886, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò gbé láyé nígbà ogun kankan nínú wọn, síbẹ̀ bí àwa ọmọdé bá ń pariwo lálẹ́, ohun tó máa ń wí ni pé, “Ẹ dákẹ́ o, Dàhómì ń bọ̀!” Kíá la ó ti dákẹ́.

Ẹ wá wò ó ná. Obìnrin kan ń ṣàìsàn ní New York, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ni. Dàhómì sì wà lára àwọn ìjọba tó kó èèyàn tà fún ọkọ̀ òkun yẹn jù lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó tà ló jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ta ló lè búra pé ìyá ńlá Audre kan kò sí lára àwọn tí àwọn obìnrin ológun yìí so lókùn? Àwọn náà ló wá fi ṣe abo.

Ọ̀rọ̀ ọmú tún ń bẹ níbẹ̀. Àwọn obìnrin Dàhómì kò gé ọmú. Forbes tó dé ibẹ̀ lọ́dún 1849 àti 1850, àti Burton tó dé ibẹ̀ nígbà tí Glele wà lórí oyè, wọ́n kọ̀wé rẹpẹtẹ nípa wọn, ìbọn ni wọ́n rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni ìtàn ọmú gígé. Wọ́n ní àwọn obìnrin ológun kan wà lọ́nà jíjìn tó ń jẹ́ Amazon, wọ́n sì ń túmọ̀ orúkọ náà sí aláìlọ́mú, bẹ́ẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà Gíríìkì fúnra wọn, ọmú méjì ni wọ́n ń gbẹ́ sí wọn láyà. Nígbà tí òyìnbó dé Dàhómì tó rí obìnrin nínú ogun, ó fi orúkọ tó ti mọ̀ nílé pè wọ́n. Orúkọ náà gbé ìtàn rẹ̀ dání. Ibẹ̀ ni Audre ti bá a.

Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì ìtàn, mo máa fi yíǹkì pupa fa gbogbo rẹ̀. Mo fi ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ṣe tíṣà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò ìtàn ni obìnrin yìí jókòó sí. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ohun tó jẹ́ kí ẹni tó ni ín lè ṣe lójú ọ̀sán. Ti Audre jẹ́ kó lè dá nọ́ọ̀sì lóhùn, ó jẹ́ kó jáde láìsí òwú, ó jẹ́ kó kọ ìwé tó pe jẹjẹrẹ lórúkọ nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń rọra sọ ọ́ sábẹ́ ahọ́n. Àwọn ọmọ ogun Gezo kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní Kétu, wọ́n wúlò fún un.

Síbẹ̀ mo ní ẹjọ́ kan tí mi ò tíì rí òǹkọ̀wé tó pè é. Nínú The Black Unicorn kan náà, ewì kan wà tó ní orúkọ Yemọja nínú àkọlé rẹ̀. Kí ni ìtàn Yemọja? Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pa á, Yemọja lọ fẹ́ Òkèrè ọba Ṣakí, ó sì bá a ṣe àdéhùn pé kò gbọ́dọ̀ fi ọmú òun ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé, torí ọmú rẹ̀ tóbi púpọ̀. Lọ́jọ́ kan Òkèrè mu ọtí yó, ó fi ọmú náà bú u. Yemọja sá jáde, ìkòkò omi tó gbé dání fọ́, ó di odò. Òkèrè di òkè láti dínà fún un, Ṣàngó la òkè sí méjì, odò náà kọjá, ó ń lọ sọ́dọ̀ Olókun. Odò Ògùn ni. Ó ń ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá títí dòní. Ẹ̀yin ará, ìtàn obìnrin àti ìtìjú ọmú ha tún wà tó ju èyí lọ? Ó wà lọ́wọ́ Audre, ó ti fi orúkọ rẹ̀ sórí ewì, kò sí òkú Kétu nínú rẹ̀. Kí ló dé tó fi fò ó dá, tó lọ mú ìtàn tí Gíríìkì àti òyìnbó lù pọ̀?

Mo ti rò ó títí. Ìdí tí mo rí ni pé Yemọja sá. Wọ́n fi ọmú bú u, ó sá kúrò nílé, kò padà. Fún ẹni tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kó lọ fara pamọ́, òrìṣà tó sá kò lè ṣe é. Ẹni tó dúró ló ń wá, ì báà jẹ́ pé ẹnu odi wa ló dúró sí. Mo lóye rẹ̀. Mi ò tìtorí ìyẹn kí àwọn Dàhómì kú iṣẹ́ o.

Lọ́dún 1978 kan náà, obìnrin ará Amẹ́ríkà mìíràn, Susan Sontag, tẹ ìwé Illness as Metaphor jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun tó lòdì sí ti Audre pátápátá ló wí. Jẹjẹrẹ ọmú ti ṣe òun náà láti 1975, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ara rẹ̀ níbì kankan nínú ìwé yẹn. Ó ní kí a yéé fi àìsàn ṣe àpèjúwe, kí a sì yéé fi ohun mìíràn ṣàpèjúwe àìsàn. Àwọn òṣèlú ń pe ọ̀tá wọn ní jẹjẹrẹ, àwọn dókítà ń sọ̀rọ̀ bí ológun, wọ́n ní àìsàn gbógun wọ ara, ará gbọ́dọ̀ gbèjà, kí a fi ìtànṣán lù ú bí ẹni ju bọ́ǹbù. Àwọn mìíràn tún ní ìbànújẹ́ tí èèyàn gbé mì ló ń di jẹjẹrẹ, tó fi jẹ́ pé aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Sontag ní kí a gbọn gbogbo ìyẹn kúrò, kí a wo àìsàn bí àìsàn. Orí rẹ̀ pé, ìwé rẹ̀ sì dára ju ti Audre lọ bí a bá ń sọ ti ìwé kíkọ. Ó tún gbé ọ̀pọ̀ ọdún sí i, ọdún 2004 ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó pa á.

Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti wí bẹ́ẹ̀ lédè tirẹ̀. Yorùbá ń kọ́? Orúkọ àìsàn náà ni jẹjẹrẹ. Ẹ rọra pè é. Ẹ ò ní pè é tán kí ẹ tó gbọ́ pé ó ń jẹ nǹkan. Òyìnbó náà, bí wọ́n bá tú tiwọn dé ìdí, akàn ni wọ́n ń wí, ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn Gíríìkì tó rí iṣan tó ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó bí ẹsẹ̀ akàn. Kí aláìsàn tó dé ọsibítù, wọ́n ti ya àwòrán àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ dè é, ohun tó ń jẹ ẹ́ ni. Bí ó bá wá ya tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn, mi ò rí ìdí tí Sontag fi máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ obìnrin kan tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi tí a ti ń gba ìtọ́jú. Ó ju ọdún kan lọ tó fi ìró gbá kókó náà mọ́ àyà, tó ń fi àgbo pa á. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, ilé ọkọ òun á ní irú àìsàn wo nìyí, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí òun ṣe. Àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn yà ló ń bà á lẹ́rù, nígbà tó sì fi máa débẹ̀, ó ti dé inú egungun. Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí nìyẹn. Èmi àti ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

Èmi kò ní Amazon. Ìyá mi ṣe aláró ní Ìtòkú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rí bí ẹ̀lú títí dé ọrùn ọwọ́, ọṣẹ ò ràn án. Bó bá lọ síbi ìyàwó, láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó wọ góòlù, ọwọ́ yẹn náà ló fi ń gbé abọ́, kì í fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Bí ọmọdé bá tẹjú mọ́ ọn, á ní, “Iṣẹ́ mi nìyẹn.” Lóṣù mẹ́fà mẹ́fà tí mo bá ń lọ fún àyẹ̀wò, tí ẹsẹ̀ mi bá ń wúwo ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ yẹn ni mo máa ń rí. Mo máa ń ró àdìrẹ rẹ̀ kan lọ, ó ti ṣá. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó ń ṣe ni pé mo ń wọlé. Mo sọ ọ́ fún obìnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn, ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, èmi ò mọ aró o. Bàtà ọkọ mi tó kú ni mo gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ni mo máa ń fẹsẹ̀ kàn láàárọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Wọn kì í yá ènìyàn ní irú nǹkan wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń yá ènìyàn ní gèlè.

Ibi tí mo ti bá Audre jà jù nìyí. Ohun tó gbà á là lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ẹ́ sọ ọ́ di òfin fún gbogbo wa. Ó kọjú ìjà sí ọmú àtọwọ́dá débi pé obìnrin tó bá fi í sí i á máa rò pé ojo ni òun. Nígbà tí mo ti ọsibítù dé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra fóòmù wá, ó ní, “Àbúrò mi, fi sí i, kí bùbá rẹ lè jókòó.” Mo máa ń fi í sí i lọ sóde, torí bùbá léèsì tó wọ́ sápá kan kò wù mí. Nílé mi, ládùúgbò mi, mi ò fi nǹkan kan sí i. Ojo ni mí lọ́jọ́ Sátidé, akíkanjú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àbí? Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn fi ṣẹ̀ ni pé ó pàṣẹ. Àṣẹ náà ò dùn bó bá ti ẹnu Audre wá.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mi ò lè fò. Ní February 1984 wọ́n sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti dé inú ẹ̀dọ̀. Ó kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n la òun láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lọ sí Jámánì àti Switzerland, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àfòmọ́ ilẹ̀ wọn ṣe ló ń gbà. Àfòmọ́! Ẹ̀yin tó ń bá ọjà elégbògi lò, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú A Burst of Light lọ́dún 1988, ó sì gbé ọdún mẹ́jọ ó lé lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún un, ó ń ṣiṣẹ́ títí. Mi ò ní sọ pé àfòmọ́ ló mú un pẹ́, dókítà tèmi kò sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bi í. Èmi gba oògùn tó mú irun mi re, mo sì gba ìtànṣán. Ọwọ́ ìyá mi mú mi dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, iṣẹ́ tó kù níbẹ̀ kì í ṣe ti ọwọ́ ìyá mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àmì tirẹ̀ ti tó, pé òun ò lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́, kò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi.

Audre Lorde kú lọ́jọ́ 17 oṣù November, ọdún 1992, ní St. Croix. Kó tó kú, ó gba orúkọ Áfíríkà kan, Gamba Adisa. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni ológun obìnrin tó jẹ́ kí ohun tó ń wí yéni. Nígbà tí mo rí i, mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún rò ó. Àdìsá! Oríkì ọkùnrin ni lọ́dọ̀ wa, àbúrò bàbá mi kan ń jẹ́ ẹ. Títí dé òpin ló ń ya nǹkan wa lò láìbéèrè lọ́wọ́ wa, tó sì ń rí ohun tó fẹ́ níbẹ̀.

Mo ti ń gbìyànjú láti tú díẹ̀ nínú ìwé náà sí Yorùbá, kí n lè kà á fún àwọn tí a jọ ń jókòó. Ibi òwú rọrùn, ibi nọ́ọ̀sì rọrùn, Dayan náà kò ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ Amazon yẹn ló dá mi dúró. Bí mo bá kọ “obìnrin Dàhómì,” àwọn ará Abẹ́òkúta tó wà níbẹ̀ á pa òṣé. “Jagunjagun” le jù fún obìnrin tó ń lọ tú òwú ojú ọgbẹ́. Mo kọ “akọni,” mo wò ó dáadáa, mo rí “akọ” nínú rẹ̀, mo pa á rẹ́. Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ìwé àjákọ mi, mo ń tú èyí tó kù lọ.